Kéèkì Tí Ẹnu Ń Díwọ̀n Ṣúgà Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ kan kí ẹ tó máa bá a lọ. Ọjọ́ tí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni tọ́ oúnjẹ wò. Ẹ gbé ṣíbí sílẹ̀, ẹ pe ẹlòmíì. Ẹnu tí ẹ̀rù bá wà nínú rẹ̀ a máa purọ́ fún ẹni tó ni ín, onítọ̀hún kò sì ní mọ̀, àfi ìgbà tí gbogbo ilé bá ti mọ̀ ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́, ó dáa. Bí ẹ kò bá gbọ́, ẹ wá wo ohun tó ṣe Ojúọlá.

Ojúọlá yìí, ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ àádọ́ta ọdún. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí i sí. Ìwé mẹ́fà ló kà, kò kà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀, Láoyè, ló mú un wá sí Jámánì, Láoyè sì ti kú. Berlin ni Ojúọlá ṣẹ́kù sí, ní Gesundbrunnen, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àwọn Tọ́kì ń ta tòmátì ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ń nu ilẹ̀ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Fẹ́yìsetán, ti di nọ́ọ̀sì ní Hamburg. Òun àti òyìnbó kan tó ń jẹ́ Vincent, tí Ojúọlá kò kọ́kọ́ gbà torí ó ní òyìnbó ò mọ àna, ni wọ́n jọ ń gbé ní Wilhelmsburg, wọ́n sì ti bí ọmọkùnrin kan, Ayọ̀olúwa.

Ẹlẹ́rù ni Ojúọlá. Bí lẹ́tà bá bọ́ sínú àpótí rẹ̀, ọjọ́ kejì ni yóò tó lè ṣí i. Bó bá ku ọ̀la kó lọ tún ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣe ní Moabit, kò ní lè jẹun. Èdè Jámánì kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́ létí, nítorí náà ojú ló fi ń gbọ́ ọ: ó ń wo ètè, ó ń wo ìpéǹpéjú, ó ń wo bí èèyàn ṣe gbé ife kalẹ̀. Báyìí ló ṣe gbé ìlú náà láti bí ogún ọdún.

Ọdún 2018 ni ọ̀rọ̀ yìí, ọdún tí ooru mú débi pé koríko Berlin gbẹ bíi ti ìgbà ọyẹ́. Nǹkan kan ṣoṣo ni Ojúọlá ń fẹ́ lọ́dún náà. Fẹ́yìsetán máa padà sẹ́nu iṣẹ́ bí ooru bá lọ tán, ọmọ yóò sì nílò ẹni tí yóò máa gbé e. Ojúọlá fẹ́ kí wọ́n ní kí òun wá. Kó kẹ́rù kúrò nínú yàrá Berlin yẹn, kó máa gbé yàrá kótópó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná wọn, kó máa pọn ọmọ ọmọ rẹ̀, kó máa fi Yorùbá rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ìyẹn nìkan.

Ṣùgbọ́n ó ti kọ́kọ́ bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ọmọ náà ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́ tuntun, ó gbé àdín wá láti Berlin, ó fi pa á lára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Hebamme, ìyẹn agbẹ̀bí tó máa ń wá wò wọ́n nílé, wọlé, ó fa imú, ó ní kí ni dúdú yìí. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Heike, ìyá Vincent. Kò sẹ́ni tó pariwo o. Wọ́n kàn wẹ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni Fẹ́yìsetán wá ti ilẹ̀kùn.

"Mọ́mì, ó tó. Kò sí àgbo, kò sí àdín, kò sí nǹkankan tí ẹnikẹ́ni gbé látilé wá nínú báàgì. Àwọn èèyàn yìí ń wò wá. Ẹ búra fún mi."

Ojúọlá fi Láoyè búra. Ìjókòó tó jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin tó gbé e padà sí Berlin lọ́jọ́ yẹn, bí ìgbà tí wọ́n bọ́ ìró nídìí rẹ̀ láàárín ọjà ni.

Ẹ wá wò ó, oṣù keje, tẹlifóònù dún.

"Mọ́mì, ẹ kú ilé o. Ẹ rántí kéèkì ilé Vincent, èyí tí wọ́n ń fi Johannisbeeren ṣe?"

"Èso pupa wẹ́wẹ́ tó wà nínú oko ìyá rẹ̀ yẹn?"

"Òun ni. Ó ti kàn mí."

Ó wá ṣàlàyé. Ìyá Heike ló dá kéèkì náà sílẹ̀. Nínú ẹbí wọn, obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sínú ilé, òun ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é nígbà ooru ọdún náà, gbogbo ilé á wá jókòó jẹ ẹ́ nínú oko kékeré tí Heike ní létí odò. Ó ti kan Heike rí. Ó ti kan ìyàwó àbúrò rẹ̀.

"Ìwọ Fẹ́yì?" ni Ojúọlá wí. "Ìwọ tó o se omi, tí omi jóná?"

"Mọ́mì! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni!"

"Omi lásán o. Kì í ṣe ìrẹsì."

"Ẹ ti rẹ́rìn-ín tán? Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ mọ kéèkì ṣe. Ẹ wá bá mi ṣe é, màá ní èmi ni mo ṣe é. Ọmọ ò jẹ́ n sùn, ọwọ́ mi ò balẹ̀. Ẹ má sọ fún Vincent o. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ọkàn Ojúọlá sọ fún un pé èyí kò dára tó. Àṣà ilé onílé, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ ẹlòmíì ṣe. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn jù. Ọmọ tó ní kó má gbé nǹkankan wá mọ́, òun náà ló tún ń ké sí i.

"Ṣúgà rẹ̀ ńkọ́? Báwo ló ṣe tó?"

"Fúláwà ní ìwọ̀n, bọ́tà ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n èso yẹn, Heike ní kò ní. Bí oòrùn ọdún bá ṣe rí lèso ń rí. Ẹnu ni ìyá òun fi ń díwọ̀n ṣúgà rẹ̀. Ẹ tọ́ ọ wò, ẹ bù díẹ̀ sí i, ẹ tún tọ́ ọ wò. Ó ní ẹnu yín á sọ fún yín."

"Ṣé ìyẹn náà le? Bí a ṣe ń se ọbẹ̀ nìyẹn."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò rẹ̀, ó pàdé Ọ̀ṣẹ́nì lórí àtẹ̀gùn. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni Ọ̀ṣẹ́nì náà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, òkè yàrá Ojúọlá gan-an ló ń gbé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, ẹrù wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ìyá Fẹ́yì, ẹ lanu."

"Kí n lanu ṣe kí ni? Ṣé eyín lo fẹ́ kà?"

Ó ṣí fúláàsì kan. Omi dídì ló wà nínú rẹ̀, èso pupa róbótó-róbótó sì sùn sáàárín omi dídì náà. Ojúọlá fọwọ́ bo ẹnu.

"Àgbáyun! Ọ̀ṣẹ́nì, wọn ò mú ọ ní pápákọ̀ òfuurufú?"

"Ẹ rọra, ògiri létí. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ wé fúláàsì."

"Ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́ ṣá?"

"Bẹ́ ẹ bá máa kọ́kọ́ yẹ ẹsẹ̀ mi wò, ẹ dá a padà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ fún Ọ̀ṣẹ́nì pé òun ń lọ sọ́dọ̀ àwọn àna òun, pé ọ̀rọ̀ kan wà tí òun fẹ́ bá wọn sọ, kò sì dá òun lójú pé òun mọ ọ̀rọ̀ í sọ lójú wọn. Ọ̀ṣẹ́nì da ìlàjì àgbáyun náà sínú ike kan fún un.

"Ìyá mi àgbà kì í lọ bẹ̀bẹ̀ níbì kankan láìjẹ ẹ́. Ẹ jẹ ẹ́ kẹ́ ẹ tó bá wọn sọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ bá bú wọn pàápàá, wọ́n á ní kẹ́ ẹ tún un bú."

Ìyá Ojúọlá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá fẹ́ lọ kí àna, bó bá fẹ́ lọ bẹ olórí ẹbí, á ju àgbáyun sẹ́nu, á tu kóró rẹ̀ sílẹ̀, á ní bí èyí ṣe dùn lẹ́nu mi, kí ohùn mi dùn létí wọn. Ojúọlá gba ike náà. Ó rántí ìbúra. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àdúrà kì í ṣe àgbo, pé ẹnu òun ni yóò wọ̀, kò ní kan ara ọmọ. Ó fi aṣọ ìnura wé e, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpò. Ohun téèyàn bá ń tì sí ìsàlẹ̀ àpò, ó ti mọ irú ohun tó jẹ́.

Ní Hamburg, kò tíì jókòó dáadáa tí Heike fi dé pẹ̀lú agbọ̀n. Obìnrin gíga ni, irun rẹ̀ funfun, ó gé e mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára ẹni tó bá ń bá sọ̀rọ̀. Èso náà so mọ́ ìtì rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọdé, ó pọ́n, ó ń dán. Ojúọlá kò tọ́ irú rẹ̀ wò rí. Nílé, ohun tó bá pọ́n báyìí, ó ti dùn nìyẹn.

Heike sọ̀rọ̀, Fẹ́yìsetán ń túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní oòrùn ọdún yìí pọ̀, ó máa dùn ju ti ọdún tó kọjá lọ. Ó ní…" Fẹ́yìsetán wo ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, ó ní bí a bá jẹ kéèkì tán lọ́la, ká jókòó sọ̀rọ̀ ọmọ. Ó ní ní tòun o, ó wu òun kí ọmọ wà lọ́wọ́ yín ju kí wọ́n máa gbé e lọ sí Kita tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Kó gbọ́ èdè yín."

Ojúọlá kàn ń tẹrí ba fún Heike léraléra bí alángbá.

Ilẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Àìkú ni. Vincent ti fi kẹ̀kẹ́ ọmọ gbé Ayọ̀olúwa lọ sétí odò. Fẹ́yìsetán sùn lọ fọnfọn. Ojúọlá nìkan ló kù nínú ilé ìdáná, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù ìjókòó ọ̀sán ti ń bà á láti ìgbà tó jí. Bí wọ́n bá bi í léèrè nǹkan tí kò yé e ńkọ́? Bó bá lọ sọ ohun tí kò yẹ? Ó mú ike rẹ̀ jáde. Ó jẹ àgbáyun kan. Ó gbàdúrà. Ó rò pé ọ̀kan kò tó fún àna òyìnbó, ó jẹ méjì sí i, ó ń yí i kiri lórí ahọ́n kó lè kan gbogbo ẹnu.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó po fúláwà àti bọ́tà àti ẹyin àti ṣúgà ní ìwọ̀n tí wọ́n fún un, ó tẹ́ ẹ sínú páànù. Ó fi fọ́ọ̀kì fa èso náà kúrò lára ìtì rẹ̀, ó dà á sínú ìkòkò, ó gbé e ka iná títí ó fi tú omi pupa. Nígbà náà ló fi ṣíbí bù ú, ó fẹ́ ẹ, ó tọ́ ọ wò.

Oyin.

Ó dúró. Ó tún bù ú. Oyin ni lóòótọ́. Àbájọ tí wọ́n fi ń fi í yangàn. Ó gbé páálí ṣúgà lọ́wọ́, ó wò ó. Bàbá Vincent, Uwe, ní ìtọ̀ ṣúgà. Fẹ́yìsetán ti sọ ọ́ fún un tipẹ́. Ẹnu yín á sọ fún yín. Ẹnu rẹ̀ sì ti sọ̀rọ̀. Ó gbé ṣúgà padà sórí pẹpẹ láìṣí i, inú rẹ̀ sì dùn sí ara rẹ̀, pé Heike á mọ̀ pé Fẹ́yì kì í ṣe ẹni tó ń da nǹkan sínú oúnjẹ láìronú. Ó da èso náà sórí fúláwà, ó fọ́n ẹ̀rún bọ́tà lé e, ó tì í sínú ààrò.

Òórùn rẹ̀ ló jí Fẹ́yìsetán. Ó wọlé tòun ti irun jákujàku, ó sì gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra láti ẹ̀yìn. Ó ti pẹ́ tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

"Mọ́mì, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ n tọ́ ọ wò díẹ̀."

"Má fọwọ́ kàn án! Gbígbóná ni, á fọ́. Ṣé o fẹ́ gbé kéèkì tó ti lu sílé ọkọ?"

Fẹ́yìsetán fọwọ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni Ojúọlá yóò padà wá máa gbọ́ lórí ibùsùn rẹ̀ ní Gesundbrunnen. Ọmọ na ọwọ́, ó gbá a nù.

Oko náà kò jìnnà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn débẹ̀. Ilé pákó kékeré kan wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, tábìlì sì wà lábẹ́ igi. Heike ti tẹ́ aṣọ funfun, aṣọ ìyá rẹ̀ ni. Uwe ti jókòó, ó ti so náfíkìn mọ́ ọrùn bí ọmọdé. Bí wọ́n ṣe kù díẹ̀ kí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, Ojúọlá yà sẹ́yìn bí ẹni tó ń tún bàtà ṣe, ó ju àgbáyun méjì sẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ọmọ ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Fẹ́yìsetán gbé kéèkì kalẹ̀. "Èmi ni mo ṣe é," ló wí ní Jámánì. Ìyẹn yé Ojúọlá. Vincent pàtẹ́wọ́. Heike fúnra rẹ̀ ló gé e, ó pín in yí ká, gbogbo wọn sì gbé fọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ojúọlá ń wo ojú wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ó rí i tí ètè Heike fún pọ̀. Ó rí i tí ojú ọ̀tún Uwe dì fúnra rẹ̀. Vincent kò jẹun mọ́, ó kàn fi í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Fẹ́yìsetán gbé ọwọ́ sẹ́nu. Uwe wá sọ nǹkankan, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé kọfí mu; ohun tó sọ ni pé ó dáa o, oorun ọ̀sán ti dá lójú òun. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

Ojúọlá fi tirẹ̀ sẹ́nu. Ó dùn. Ó dùn ju ti àárọ̀ lọ. Ó wo ojú wọn, ó wo àwo rẹ̀. Ó rò pé òun ti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ọwọ́ dúdú ló pò ó, ni wọn ò ṣe lè gbé e mì. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó tún nawọ́ àwo.

"Gut!" ló wí, pé ó dára, ohùn rẹ̀ ròkè. "Sehr gut!"

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ó gba ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó ń jẹ ẹ́, ó ń mi orí.

Heike gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀. Fẹ́yìsetán ló kọjú sí, ó sì rọra sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ pẹ́. Ojúọlá gbọ́ Mutter, ìyẹn ìyá, ó gbọ́ Zucker, ìyẹn ṣúgà, ìyókù ló kà lójú Heike, kò sì bá ìbínú níbẹ̀. Ìbànújẹ́ ló bá.

"Kí ló wí?"

Fẹ́yìsetán kò gbójú sókè. "Ó ní kéèkì lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ohun tó dun òun ni pé mi ò tọ́ ọ wò. Pé ohun kan ṣoṣo tí ìyá òun ní ká ṣe nìyẹn, mi ò sì ka gbogbo wọn sí tó láti ṣe é." Ó ti àwo rẹ̀ síwájú. "Mọ́mì, ṣé ẹ fi ṣúgà sí i?"

"Kò gba ṣúgà. Ó dùn fúnra rẹ̀."

"Ó dùn?"

"Wọ́n ń yínmú sí wa ni, Fẹ́yì. O ò rí wọn ni?"

"Èmi náà ń jẹ ẹ́, Mọ́mì! Ó kan! Ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́! Ẹ jẹ ẹ́ níwájú gbogbo wa, ẹ ní ó dùn." Ó wá wo ìyá rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun kan. "Torí Vincent ni. Àbí? Ẹ ní òyìnbó ò mọ àna. Ẹ ò gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Fẹ́yìsetán! Èmi?"

"Ẹ tọ́ ọ wò, àbí ẹ ò tọ́ ọ wò?"

"Mo tọ́ ọ wò."

"Ẹ ṣeun," ni Fẹ́yìsetán wí, ó sì gba ọmọ lọ́wọ́ Vincent, ó gbé e sí èjìká tó jìnnà sí ìyá rẹ̀.

Ojúọlá kó àwo. Nígbà tí kò bá mọ ibi tí yóò fi ojú sí, àwo ló máa ń kó. Ó gbé wọn wọ ilé pákó, níbi tí síǹkì kékeré kan wà, ó ń fọ̀ wọ́n, ó ń bá ara rẹ̀ jà nínú. Ó fọ̀ wọ́n tán, ó tún wọn fọ̀, ó nù wọ́n, ó dúró síbẹ̀ títí, kó má bàa padà sóde. Àwọn tó wà níta ń sọ̀rọ̀ ní jẹ́jẹ́. Ìlàjì ègé Vincent ṣì wà lórí àwo kan tó yà sọ́tọ̀. Kò mọ ohun tó mú un bù ú. Bóyá kó lè tún dá ara rẹ̀ láre ni.

Eyín rẹ̀ pa keke. Ojú rẹ̀ dì. Omi dà lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó mu ọtí kíkan, ó tutọ́ sínú síǹkì, ó tún tutọ́.

Ó dúró tòun ti ọwọ́ olómi. Ó wá yé e.

Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, wọ́n á ká ọsàn tó kan gógó, wọ́n á jẹ àgbáyun, wọ́n á mu ọsàn náà lé e, á di oyin, wọ́n á wá gbé irú ọsàn kan náà fún àlejò kí wọ́n lè rí i bí ojú rẹ̀ ṣe máa dì. Eré ọmọdé ni. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ́ bí èso lónìí. Ó jẹ ẹ́ bí àdúrà, kò sì rántí pé àdúrà náà ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe lẹ́nu.

Ojú tì í débi pé ó wá ibi tó máa sá sí nínú ilé pákó náà, bẹ́ẹ̀ kò fẹ̀ ju yàrá ìwẹ̀ lọ. Ó rántí bó ṣe nawọ́ àwo ẹlẹ́ẹ̀kejì. Sehr gut. Ó rántí ohun tó rò nípa wọn nínú ọkàn rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé kíkan lásán ló ń ṣe wọ́n, tí wọ́n sì ń gbìyànjú láti gbé e mì nítorí ọmọ rẹ̀.

Kí ni yóò sọ? Bó bá sọ ti àgbáyun, ó ti sọ pé òun tún gbé nǹkan ilé wá lẹ́yìn ìbúra. Fẹ́yìsetán yóò bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Yóò ní kí ọ̀rọ̀ òun lè dùn létí wọn. Wọ́n á túmọ̀ ìyẹn sí Jámánì lórí tábìlì yẹn. Wọ́n á ní ìyá yìí jẹ nǹkankan kó lè rí àwọn mú. Àdín lásán, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wẹ ọmọ. Bó bá sì ní òun lòun ṣe kéèkì, ọmọ rẹ̀ ti di òpùrọ́ nílé ọkọ nìyẹn. Bó bá dákẹ́, Fẹ́yìsetán á máa jẹ́ obìnrin tí kò ka ìyá Heike sí, lọ́dọọdún, nígbàkigbà tí èso yẹn bá tún pọ́n.

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ikú kọ́ ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ẹ̀sín méjì ni, wọ́n ní kó mú ọ̀kan: tirẹ̀ tàbí ti ọmọ rẹ̀.

Ó nu ọwọ́. Ó jáde. Ó dúró níwájú Heike, kò jókòó.

"Frau Heike," ló wí. Jámánì rẹ̀ ń já lu ara wọn. "Meine Tochter gut. Kuchen gut. Ich… ich kaputt." Ohun tó fẹ́ sọ ni pé ọmọ òun dára, kéèkì dára, òun lòun bà á jẹ́.

Heike kò gbọ́ ọ yé. Ó wo Fẹ́yìsetán.

"Mọ́mì, kí lẹ ń sọ?"

"Bá mi túmọ̀ rẹ̀. Sọ pé ìwọ lo ṣe kéèkì, o ṣe é dáadáa, o tọ́ ọ wò. Sọ pé nígbà tí o sùn, èmi ni mo da èso tí o ti fi ṣúgà sí nù, mo fi èyí tí kò ní ṣúgà rọ́pò rẹ̀. O ò mọ̀. Ọwọ́ mi ni."

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Túmọ̀ rẹ̀, Fẹ́yì."

"Irọ́ ni, Mọ́mì."

"Èyí tó kàn wọ́n níbẹ̀ kì í ṣe irọ́. Èmi ni mo bà á jẹ́. Túmọ̀ rẹ̀."

Fẹ́yìsetán wo Vincent, ó wo ọmọ tó wà léjìká rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló túmọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an, ó kó gbogbo rẹ̀ jáde láìdúró. Ojú Ojúọlá kò kúrò lára Heike. Ó rí i bí ìbànújẹ́ tó wà níbẹ̀ ṣe ṣí kúrò lára ọmọ rẹ̀, tó rìn wá, tó sì bà lé òun. Heike na ọwọ́ kan, ó fi kan apá Fẹ́yìsetán, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Ó ti ṣiṣẹ́. Fẹ́yì ti bọ́.

Vincent sọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀ ní kúkúrú. Ojúọlá gbọ́ Kita nínú rẹ̀. Heike gbà, ó rọra mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, kò yọ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó túmọ̀ ìyẹn fún un, kò sì sí ẹni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀.

Heike wá yíjú padà sí i. Ojú rẹ̀ tí kì í kúrò lára èèyàn ni.

"Warum?"

Ìyẹn yé Ojúọlá dáadáa. Uwe ti tú náfíkìn ọrùn rẹ̀. Ayọ̀olúwa ń ké pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, ó fẹ́ oorun, ọwọ́ Ojúọlá sì gbéra fúnra rẹ̀, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ó ní kí ló dé," ni Fẹ́yìsetán wí. Omi ti dé ojú rẹ̀. "Mọ́mì, èmi náà ń bi yín. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ sọ fún èmi nìkan. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, mi ò ní túmọ̀ rẹ̀. Kí ló dé?"

"Mo ti sọ èyí tí mo fẹ́ sọ."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́."

Ojúọlá mi orí pé rárá; bó bá lanu, ìbúra tó fi Láoyè ṣe ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó pa ètè pọ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó ń wo ilẹ̀.